Ẹranko Tí A Kò Rí, Kóòdù Tí A Jọ Kọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú oríire ìgbàwọlé. Mo mọ̀ pé orúkọ ẹ̀kọ́ yìí, sìtátísíìkì ẹ̀dá abẹ̀mí inú àyíká àti kóòdù àjọkọ (àṣẹ tí ènìyàn púpọ̀ jọ kọ fún kọ̀ǹpútà), ń já ọ̀pọ̀ yín láyà. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti inú ìmọ̀ ẹ̀dá abẹ̀mí ń sá fún ìṣirò. Ẹ̀yin onísìtátísíìkì kò tíì mọ ohun tí igbó àti odò fẹ́ fi yín ṣe. Ní ti kí ẹlòmíràn máa yẹ kóòdù ẹni wò láìjẹ́ pé ó ti parí, mi ò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ má retí òwe àgbájọ ọwọ́ lẹ́nu mi lónìí. Ìdí tí a fi so kóòdù àjọkọ mọ́ sìtátísíìkì nínú ẹ̀kọ́ oyè kejì yìí le ju ìwà ọmọlúàbí lọ. Ohun tí ẹ bá pinnu nípa ẹranko tàbí nípa igi, inú kóòdù ló ń gbé. Èyí tí ẹ yọ kúrò, èyí tí ẹ dà pọ̀ mọ́ ara wọn, èyí tí ẹ gbà pé òdo ni: gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ka àbọ̀ ìwádìí yín tí kò rí kóòdù, ohun tí ẹ ní ẹ ṣe ló kà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹranko. Ohun tí à ń kà nínú iṣẹ́ yìí kì í dúró de ẹni tó ń kà á. Ẹja ń sá, ẹyẹ ń fò, ọ̀pọ̀lọ́ á dákẹ́ bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín, irúgbìn tí kò tíì hù wà nínú ilẹ̀ níbi tí ojú ò tó. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ẹ bá kọ sínú ìwé yín ní ìrọ̀lẹ́, ohun méjì ló dà pọ̀ síbẹ̀: iye tó wà níbẹ̀ gan-an, àti bó ṣe rọrùn tó láti rí i. Ìdajì wàhálà wa ni bí a ṣe máa ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà àtijọ́ tí ẹ máa bá pàdé ni ti mímú, sísàmì àti títún mú. Wọ́n so ó mọ́ orúkọ Petersen, ará Denmark tó sàmì sára ẹja ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti Lincoln, ará Amẹ́ríkà tó lò ó fún pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ní 1930. Ká ní ẹ mú ẹja 50 nínú adágún kan, ẹ sàmì sí wọn lára, ẹ dá wọn padà. Nígbà tí ẹ tún padà lọ, ẹ mú 40, mẹ́wàá nínú wọn sì ní àmì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ẹ mú ló ní àmì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nínú adágún náà lápapọ̀, a jẹ́ pé 50 yẹn ni ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ẹja, ẹja tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ 200. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìṣirò yẹn. Iṣẹ́ tiwa ni láti béèrè ohun tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹja kankan kò kú, kò jáde, kò wọlé láàárín ìgbà méjèèjì? Ṣé àmì kò já? Ṣé ẹja tí àwọ̀n ti mú lẹ́ẹ̀kan kò tíì kọ́ bí a ṣe ń yẹra fún àwọ̀n? Bí wọ́n bá ti gbọ́n sí i, ẹ ò ní rí mẹ́wàá mọ́, ẹ lè rí márùn-ún. Ẹ ṣe ìṣirò náà padà: adágún ti di ti ẹja 400, láìjẹ́ pé ẹja kan ṣoṣo kún un.

Ní 2002, Darryl MacKenzie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú ìbéèrè yìí dé ibi tó kan wa jù, èyíinì ni ìgbà tí a kò ka iye ẹranko, tí a kàn ń wò ó bóyá ó wà níbì kan tàbí kò sí. Ẹ lọ sí etí omi lóru láti gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ òdo. Ká ní ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé ìgbà mẹ́ta péré nínú mẹ́wàá ni ẹni tó bá lọ máa ń gbọ́ ọ. Bí ẹ bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àǹfààní pé ẹ ò ní gbọ́ ọ rárá jẹ́ 0.7 lọ́nà 0.7 lọ́nà 0.7, tí í ṣe 0.343. Nínú ọgọ́rùn-ún ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé, nǹkan bí 34 ni ẹ máa kọ "kò sí" sí. Bó bá wá jẹ́ pé ariwo ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ, ẹ lè kọ ọ́ sínú àbọ̀ yín pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í gbé nítòsí ojú títì, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oríṣi òdo méjì ló wà nínú fáìlì yín, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ohun tó lè yà wọ́n ni pé kí ẹ padà lọ sí ibì kan náà léraléra, kí ẹ sì kọ àkọsílẹ̀ ìgbà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ro ìgbà mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan kó tó fún wa ní dátà ti ba ọ̀nà náà jẹ́ fún wa.

Ti ìwọ̀n àyẹ̀wò, mo máa yára sọ ọ́, torí gbogbo ọ̀sẹ̀ kejì la máa lò lórí rẹ̀. Igbó kan jóná, èkejì kò jóná. Ẹ wọn ogún ojú ilẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ní ẹ ní ogún àyẹ̀wò ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ ní: igbó kan tó jóná, igbó kan tí kò jóná. Ogún ojú ilẹ̀ yẹn ń sọ fún yín bí igbó méjì náà ṣe yàtọ̀ síra. Wọn ò lè sọ pé iná ló fà á. Stuart Hurlbert kọ ìwé lórí àṣìṣe yìí ní 1984. Ó yẹ iṣẹ́ ìwádìí 176 wò, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdajì nínú àwọn tó lo sìtátísíìkì láti fi ṣe ìdájọ́ ló jìn sínú kòtò náà. Ó ti lé ní ogójì ọdún, a ṣì ń jìn sínú rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo dátà gidi. Ní agbègbè ibùdó ìwádìí Palmer ní Antarctica, láàárín 2007 sí 2009, Kristen Gorman àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wọn ẹyẹ pẹ́ńgúìnì, dátà náà sì wà fún gbogbo ayé láti lò nínú R, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe sìtátísíìkì. Ẹyẹ 344 ló wà níbẹ̀, oríṣi mẹ́ta: Adélie 152, Gentoo 124, Chinstrap 68. Lára ohun tí wọ́n wọ̀n ni gígùn àgógó ẹnu ẹyẹ náà, àti bó ṣe nípọn tó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ fi gígùn sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ẹ fi ìnípọn sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ní kí R fa ìlà kan la àárín gbogbo àmì náà kọjá. Ìlà náà á máa sọ̀kalẹ̀. Correlation rẹ̀ (nọ́ńbà láàárín −1 sí 1 tó ń sọ bí ohun méjì ṣe ń bá ara wọn rìn tó) tó nǹkan bí −0.24. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á sọ pé bí àgógó pẹ́ńgúìnì bá ṣe gùn sí i ló ṣe ń tín-ín-rín sí i, ó sì lè wá àlàyé tó dùn létí nípa oúnjẹ àti omi yìnyín láti fi gbè é. Ẹ wá kun oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọ̀ mẹ́ta, kí R fa ìlà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gòkè! Nínú Adélie, correlation náà tó 0.39, nínú àwọn méjì yòókù, ó lé ní 0.6. Àgógó Gentoo gùn ṣùgbọ́n kò nípọn, ti Adélie kúrú ṣùgbọ́n ó nípọn. Nígbà tí a kó gbogbo wọn pọ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín oríṣi kan sí èkejì ló bo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ohun tó yí ìdáhùn padà nínú kóòdù: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, species, tó túmọ̀ sí oríṣi ẹ̀dá. Ìlà tó ní in ń gòkè, ìlà tí kò ní in ń sọ̀kalẹ̀. R kò ní pariwo ní ti èkíní, kò ní pariwo ní ti èkejì. Kóòdù méjèèjì á ṣiṣẹ́ dáadáa, àwòrán méjèèjì á sì jáde rèterète. Èyí ló mú mi máa ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní "kóòdù mi ti ṣiṣẹ́", pàápàá láyé ìsinsìnyí tí ẹ̀rọ lè kọ kóòdù fún ènìyàn kó tó ṣẹ́jú. Pé kóòdù ṣiṣẹ́ túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Bóyá ohun tó yẹ kí ẹ sọ lẹ sọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Bí ẹ bá rò pé àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí ti kọjá irú nǹkan báyìí, ìwádìí kan wà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2025. Dátà méjì ni wọ́n gbé fún ẹgbẹ́ aṣèwádìí 174, gbogbo ẹgbẹ́ tó bá sì gba ọ̀kan, dátà kan náà àti ìbéèrè kan náà ni wọ́n gbà. Àwọn kan gba dátà ọmọ ẹyẹ blue tit: ǹjẹ́ ìdíje láàárín àwọn ọmọ inú ìtẹ́ kan ń dín ìdàgbàsókè wọn kù? Àwọn mìíràn gba ti igi Eucalyptus: kí ni koríko tó bo ilẹ̀ ń ṣe fún àwọn èèhù tuntun? Lórí ti ẹyẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn gbà pé ìdíje ń dín in kù, àmọ́ bó ṣe ń dín in kù tó yàtọ̀ gan-an láti ọwọ́ ẹgbẹ́ kan dé èkejì. Lórí ti igi, ìdáhùn fọ́n káàkiri òdo, àwọn kan lọ sápá ọ̀tún, àwọn kan lọ sápá òsì. Kò sí olè nínú wọn, kò sì sí ọ̀lẹ. Ìpinnu kéékèèké ló pín wọn níyà: èwo la máa yọ, èwo la máa fi sínú model (ìlànà ìṣirò tí a fi ń ṣàpèjúwe dátà), báwo la ṣe máa ka ìtẹ́ tí nǹkan kan sọnù lára rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èsì yẹn, àyà mi kò já. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé àwọn ẹgbẹ́ náà fi kóòdù wọn sílẹ̀, ó wá ṣeé ṣe láti tọpa ibi tí ọ̀nà ti yà.

Ibẹ̀ la ti máa wọ kóòdù àjọkọ. Irinṣẹ́ wa méjì ni R àti Git. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ R ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n sì gbé ẹ̀dà 1.0.0 jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2000. Git jẹ́ iṣẹ́ Linus Torvalds ní 2005, láti fi tọ́jú kóòdù Linux. Kò ro ti ẹyẹ tàbí ti igi rárá nígbà tó ń ṣe é, ó sì hàn nínú ìwà rẹ̀. Git kò láàánú. Ẹ máa bínú sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ò jẹ̀bi.

Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tọ́jú gbogbo ipò fóódà yín tí ẹ bá ní kó fi pamọ́ (èyí ni wọ́n ń pè ní commit), orúkọ ẹni tó yí i padà, ọjọ́ tó yí i padà, àti gbólóhùn tó kọ síbẹ̀ láti fi ṣàlàyé. Ìgbà ti àwọn fáìlì tí orúkọ wọn ń jẹ́ ìparí, ìparí-tuntun, ìparí-gidi-2 ti dópin nínú kíláàsì yìí. Olúkúlùkù yín á máa ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tirẹ̀, ẹ ó sì da ẹ̀ka pọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ kan á wá dé tí ẹni méjì á fọwọ́ kan ìlà kan náà. Ohun tí ẹ máa rí lójú kọ̀ǹpútà nìyí (filter ni àṣẹ tó ń fi kìkì àwọn ìlà tí afẹ́fẹ́ wọn kò ju nọ́ńbà náà lọ sílẹ̀; HEAD ni ẹ̀ka tí ẹ wà lórí rẹ̀):

<<<<<<< HEAD
eye <- filter(eye, afefe <= 3)
=======
eye <- filter(eye, afefe <= 5)
>>>>>>> eka-keji

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo èyí bí àìsàn kọ̀ǹpútà. Wọ́n á pa apá kan rẹ́ kíákíá, kóòdù á ṣiṣẹ́, wọ́n á sì mí kanlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Git kò mọ nǹkan kan nípa afẹ́fẹ́. Ó kàn ń sọ fún yín pé ẹ̀yin méjì kò tíì fẹnu kò lórí ohun kan, kí ẹ lọ fẹnu kò. Ẹni tó kọ 3 ní ìdí tirẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá ti le, ẹ ò lè gbọ́ orin ẹyẹ dáadáa, kí ẹ yọ àwọn ọjọ́ yẹn kúrò. Ẹni tó kọ 5 náà ní tirẹ̀: etí òkun kì í sí láìsí afẹ́fẹ́, bí ẹ bá yọ àwọn ọjọ́ yẹn, àwọn ibùdó etí òkun á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú dátà, èsì yín á wá jẹ́ ti àárín ilẹ̀ nìkan. Àwọn méjèèjì gbọ́n. Bí wọ́n bá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, wọ́n lè rántí ọ̀pọ̀lọ́ àti ariwo ọkọ̀, kí wọ́n wá rí ọ̀nà kẹta: ẹ má yọ ọjọ́ kankan, ẹ fi afẹ́fẹ́ sí apá model tó ń sọ̀rọ̀ nípa bí ẹyẹ ṣe ṣeé gbọ́ tó, kí apá tó ń sọ̀rọ̀ nípa ibi tí ẹyẹ ń gbé sì dá dúró. Model tó dára ju ti àwọn méjèèjì lọ ti jáde látinú ìlà márùn-ún tó dà bí ìjà. Bí ẹ bá wá fẹ́ fi í pamọ́, ẹ má kọ "mo tún un ṣe" síbẹ̀. Ẹ kọ ìdí rẹ̀: "a gbé afẹ́fẹ́ lọ sí apá gbígbọ́ nítorí àwọn ibùdó etí òkun". Ní ọdún méjì sí i, nígbà tí olùdánwò yín bá béèrè, gbólóhùn yẹn ló máa gbà yín sílẹ̀.

Ní ti yíyẹ kóòdù ara yín wò, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí bí kóòdù ṣe lẹ́wà tó. Ibẹ̀ ni àwọn tó gbọ́n lójú ara wọn máa ń dúró sí. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ nígbà gbogbo ni pé: ìlà mélòó ló wọlé, mélòó ló jáde? Bí ẹ bá so tábìlì ibùdó mọ́ tábìlì ẹyẹ, tí ibùdó kan sì fara hàn lẹ́ẹ̀mejì ní tábìlì àkọ́kọ́, gbogbo ẹyẹ ibẹ̀ á di ìlọ́po méjì láìsí ariwo. Ìlà lè sọnù bákan náà. Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, àkọsílẹ̀ ènìyàn 15,841 já bọ́ nínú ìròyìn ojoojúmọ́ ní England, nítorí pé irú fáìlì Excel àtijọ́ tí wọ́n ń lò kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Irú nǹkan báyìí ni kíka ìlà tó wọlé àti èyí tó jáde máa ń tú síta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè ohun tí NA (àmì R fún ibi tí kò sí dátà) túmọ̀ sí nínú fáìlì náà, àti bóyá ẹnì kan ti sọ ọ́ di òdo lójú ọ̀nà. Ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín dá lórí kóòdù, kó má kan ẹni tó kọ ọ́. "Kí ló dé tí a fi yọ ibùdó yìí?" dára ju "ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń ṣe" lọ, kódà bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni wọn ò mọ̀ ọ́n.

Dátà tí ẹ gbé wá láti oko ìwádìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tún un ṣe. Ẹ fi sínú fóódà tirẹ̀, ẹ kà á, ẹ má kọ nǹkan kan sí i. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìwọ̀n kan níbẹ̀, inú kóòdù ni kí ẹ ti tún un ṣe, kí a lè rí i. Àmọ́ ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dé gbangba rárá: ibi tí ìtẹ́ ẹyẹ tàbí igi tó ṣọ̀wọ́n wà. Àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń ta ohun abẹ̀mí lọ́nà àìtọ́ máa ń ka ìwé wa náà. Bí ẹ bá ti fi fáìlì bẹ́ẹ̀ sínú Git, tí ẹ sì pa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó ṣì wà nínú ìtàn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gba fóódà náà lè padà sí ànà kó sì kà á. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe commit àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ àwọn fáìlì yẹn sínú .gitignore, fáìlì tó ń sọ ohun tí Git kò gbọ́dọ̀ tọ́jú fún un.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín nìyí. Kí olúkúlùkù fi dátà pẹ́ńgúìnì yẹn ya àwòrán kan, kó sì kọ ìpínrọ̀ kan lórí ohun tó rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó gbé fóódà rẹ̀ fún ẹni tí orúkọ wọn wà pa pọ̀ nínú ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Ẹnìkejì yẹn á ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, á sì mú kí gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìpe ẹni tó kọ ọ́ lórí fóònù, láìfi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ibi tó bá ti dúró, kó kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ fóódà tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan ṣoṣo, package (àkójọ kóòdù tí R ń yá lò) tí wọn ò dárúkọ, ìlà tó ń lo ohun tí kò tíì sí. Àkọsílẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ Ajé, kì í ṣe àwòrán náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mú "ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò dúró níbì kankan" wá fún mi, màá ní kí ó ṣe é lójú mi.